Ilẹ̀ Inú Ìgò

Ó ku alẹ́ kan.
Mùnírátù ti sùn, ó kọjú sí ògiri,
ó ní òun ò fẹ́ rí bí mo ṣe ń di ẹrù.
Àpótí mi kọ̀, ẹnu rẹ̀ ò pa dé.
Mo jókòó lé e lórí bí ẹni jókòó lé ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ sọ.

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ díẹ̀ ni mo lò ní Tánkẹ̀.
Nígbà tí mo ń kúrò ní Kétu, ìyá mi sunkún,
ó ní mò ń lọ sí òkèèrè.
Òkèèrè wo? Èdè tó fi sunkún náà
ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀ níbí.
Síbẹ̀ àlejò ni mí.
Mo ní “lékọ́ọ̀lù,” wọ́n rẹ́rìn-ín.
Mo pe ọ̀kadà ní sẹ́mìján, ọlọ́kadà wò mí títí,
ó bi mí bóyá ọmọ Tógò ni mí.
Òyìnbó méjì ló pín wa bí ẹni pín iṣu:
èmi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Mùnírátù bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì,
ẹnikẹ́ni ò bi iṣu léèrè.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kórìíra ibí.
Oòrùn ń ta bí ata,
iná a lọ, omi a tẹ̀ lé e,
kọ́rọ́pe a ti kún kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.
Mo fi Gẹ̀ẹ́sì aláàbọ̀ kọ ìdánwò àkọ́kọ́,
máàkì mẹ́jọ nínú ogún.
Mo lọ jókòó sétí dáàmù inú ọgbà,
mo ń ka ọjọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n.

N ò mọ ọjọ́ tí mo gbàgbé kíkà náà.
Bóyá ìrọ̀lẹ́ tí òjò ká mi mọ́ Òkèlele,
tí ìyá amọ̀kòkò kan fà mí sábẹ́ òrùlé rẹ̀,
tó fi amọ̀ sí mi lọ́wọ́ láì bèèrè orúkọ.
Ìkòkò tí mo mọ wọ́ bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sín.
Ó sun ún mọ́ tirẹ̀.
Bóyá wàrà ni, tí Mùnírátù ń rà fún mi lálẹ́ Jímọ̀,
tí yóò ní, “Jẹ ẹ́, má wò ó.”
Bóyá àwọn ọmọ ilé kéwú ẹ̀yìnkùlé wa,
tí wọ́n ń ké ohun tí n ò gbọ́
títí ohùn wọn fi di aago tí mo fi ń jí.

Wọ́n ní òkúta kan wà nílùú yìí tí àwọn baba fi ń lọ irin,
pé ibẹ̀ lorúkọ ti wá.
N ò débẹ̀ rí. Mo ní n óò lọ ní Sátidé, Sátidé kọjá,
báyìí Sátidé ti tán.
Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun kan lọ̀ mí.
Kò dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́.
Ta ni wọ́n ń lọ̀ tí í rẹ́rìn-ín?

Lórí tábìlì, ìgò kékeré kan:
ilẹ̀ pupa tí a gbẹ́ lóko ìwádìí,
nọ́ńbà kẹrìnlá, ìwé ara rẹ̀ ti ń ya.
Ọ̀gá ní kí n dà á nù, iṣẹ́ ti parí.
Mo tì í bọ inú ìkòkò wíwọ́ yẹn, mo fi ìró dì í.
Lọ́la, ní Ìlárá, aṣọ́bodè yóò ní kí n tú ẹrù.
Bí mo bá ní ilẹ̀ ni,
yóò ní, “Iyẹ̀pẹ̀ lásán? Irú rẹ̀ kún ibí.”
Òótọ́ ló sọ. Àwọ̀ kan náà ni.
Mo ti wò ó, wò ó.

Inú mi dùn pé mò ń lọ.
Ọbẹ̀ ilé ń pè mí, àti ojúlé tí ajá kì í ti í gbó mi.
Inú mi bàjẹ́ pé mò ń lọ.
Inú kan ṣoṣo, n ò mọ bó ṣe gba méjèèjì.
Ìyá mi pè lánàá. Mo dáhùn, ó dákẹ́ díẹ̀,
ó ní, “Ta ló ń sọ̀rọ̀?”

Mùnírátù yí padà. Kò sùn tẹ́lẹ̀.
“Sún,” ó ní, “kí èmi náà jókòó.”
Ẹnu àpótí pa dé.
Kò sẹ́ni tó dìde.